Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: "Mú" Méjì Nínú Ẹsẹ Kan

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ìdúpẹ́ ìkórè ló yẹ kí n kọ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ foríjì mí. Láti Ọjọ́rú ni Galatia 6:1 kò ti jẹ́ kí n sùn, nítorí ẹnìkan nínú ìjọ wa tí wọ́n mú pẹ̀lú oògùn olóró, tí fídíò rẹ̀ ń kiri: "Bí a tilẹ̀ mú ènìyàn nínú ìṣubú kan, kí ẹ̀yin tí í ṣe ti Ẹ̀mí kí ó mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ̀ sípò ní ẹ̀mí ìwà tútù."

"Mú" méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ kò nira: ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n ṣe, fóònù wa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ìkejì ni iṣẹ́. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé ẹni náà kò ṣubú o. Ẹsẹ 2 ní kí á máa ru ẹrù ọmọnìkejì wa. Ẹsẹ 5 tún ní olúkúlùkù yóò ru ẹrù ti ara rẹ̀. N kò rí èyí tí mo lè yọ sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí ìjọba yéé ju ẹni tó ní oògùn olóró díẹ̀ lápò, tí kì í tà á, sẹ́wọ̀n. Òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, ní ọdún 15 sí 25 ni ti ẹni tí wọ́n bá kokéènì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Pọ́túgàl, láti 2001, ẹni tí tirẹ̀ kò ju ìlò ọjọ́ 10 lọ, iwájú ìgbìmọ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè darí rẹ̀ síbi ìtọ́jú; ẹni tó ń tà á ṣì ń ṣẹ̀wọ̀n. Oregon ní Amẹ́ríkà dìbò fún irú rẹ̀ ní 2020. Ìtọ́jú kò tètè dé, wọ́n ń lò ó ní gbangba ojú títì, ni wọ́n bá dá òfin padà ní 2024. Alàgbà wa kan ní ẹ ò rí i, pàṣán ló tọ́. Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ń dá àwọn kan dúró. Ìbẹ̀rù yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Tèmi ni pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n kí ilé ìtọ́jú ti wà ní ṣíṣí ná.

Tiwa dà? Ẹ̀yin tí ẹ gbé fídíò yẹn láti gúrúùpù dé gúrúùpù, ṣé ẹ̀mí ìwà tútù nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ dìde lórí bẹ́ńṣì nígbà tí ẹnìkan láti ilé rẹ̀ wá jókòó, mo rí yín láti orí pẹpẹ. Àwọn mìíràn nínú wa ń gbé tramadol mì kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń pè é ní oògùn ara ríro. "Kí ìwọ tìkára rẹ máa kíyèsára." Ẹsẹ kan náà ni o.

Ẹ má bínú, ohùn mi ga. Èmi náà ò dé ilé ẹni náà títí di Ọjọ́bọ̀. Gààrí tútù àti ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, wọn kò bá mi wí. Mo fẹ́ràn yín gidigidi. Ẹ yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.

Ìkéde (àyè ti tán): Ìpàdé àwọn obìnrin, Ìṣẹ́gun, aago 4. Ẹni tó gbé ìkòkò ńlá ìjọ lọ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ jọ̀ọ́. Owó dísù jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé.