Wọ́n ń kanlẹ̀kùn, Àkànní

Abẹ́òkúta,
Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àkànní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àlàáfíà ni àwa náà wà. Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí aró àná kò tíì kúrò ní ìka mi. Ó ti ní kí n má jẹ́ kó gùn.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn. O ní o ti gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, o ti lọ sí ìṣọ́ òru títí ẹsẹ̀ rẹ fi wú, ọdún kẹta sì rèé tí o ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ kò sí. O ní Ọlọ́run ti di etí sí ọ. Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Jẹ́ kí n bá ọ sọ ti Róda. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Aposteli, orí kejìlá. Hẹ́rọ́dù ti Pétérù mọ́lé, ó ní kí ọmọ ogun mẹ́rìndínlógún máa ṣọ́ ọ. Àwọn ará péjọ sí ilé ìyá Máàkù, wọ́n ń gbàdúrà nítorí rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, áńgẹ́lì mú un jáde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kanlẹ̀kùn. Róda, ọmọdébìnrin inú ilé, lọ gbọ́ ẹni tó ń kàn án. Ó mọ ohùn Pétérù, ayọ̀ wá pọ̀ débi pé kò rántí ṣílẹ̀kùn, ó sáré padà lọ ròyìn. Kí ni àwọn tó wà lórí àdúrà wí? Wọ́n ní orí ọmọ náà ti dàrú. Nígbà tó tẹnu mọ́ ọn, wọ́n ní áńgẹ́lì Pétérù ni. Àdúrà Pétérù kan náà ni wọ́n ń gbà o! Pétérù fúnra rẹ̀ sì wà níta nínú òkùnkùn, ó ń kànlẹ̀kùn lọ. Ìgbàkígbà tí mo bá ka ibẹ̀, ẹ̀rín á pa mí, ojú á sì tì mí.

O kò mọ ìdí tí ojú fi ń tì mí, torí o wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá bàbá rẹ dùbúlẹ̀, owó ilé ìwòsàn tán lọ́wọ́ mi. Mo ta jẹnẹrétọ̀, mo ta aṣọ òkè ìgbéyàwó mi. Aago mẹ́ta òru, mo wà lórí ìkúnlẹ̀: Olúwa, rán olùrànlọ́wọ́ sí mi. Ilẹ̀ mọ́, ta ló dé? Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí àwọn méjèèjì kò ti kí ara wọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo rí i lójú fèrèsé. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mo ti lọ sí Ìtòkú. (Àbúrò rẹ tó ń kọ̀wé yìí ló parọ́ náà fún mi, ó ti ń rẹ́rìn-ín.) Ọkùnrin yẹn jókòó sórí pèpéle títí di ìrọ̀lẹ́, ó gbé owó sórí itan nínú ọ̀rá dúdú. Olùrànlọ́wọ́ tí mo tọrọ ni. Mo kàn fẹ́ kí Ọlọ́run rán ẹlòmíràn ni.

Owó yẹn la fi san gbèsè. Bàbá rẹ lo oṣù mẹ́rin sí i, ó sì kú. Mo gbàdúrà pé kó yè, kò yè. Àwọn kan wá sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó. Má ṣe gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni láéláé. Nínú orí kejìlá kan náà, kí Pétérù tó jáde, Hẹ́rọ́dù ti fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Bíbélì kò sọ ìdí tí ọ̀kan fi yè tí èkejì fi kú, èmi náà kò ní dá ìdí kan sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀. Ẹ̀gún náà kò kúrò, ohun tó gbọ́ ni pé, “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ.” Ìdáhùn nìyẹn náà, bí kò tilẹ̀ dùn létí.

Ní oṣù mẹ́rin yẹn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jùmọ̀ jẹun nínú abọ́ kan. Mo rí bàbá rẹ tó fi ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Mi ò ní sọ fún ọ pé ìyẹn tó dípò ẹ̀mí rẹ̀. Kò tó. Àmọ́ mo rí i.

Ìlú wa yìí náà ni Àjàyí Crowther ti padà rí ìyá rẹ̀ ní 1846, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn lẹ́rú ní Òṣogùn. Wọ́n ní ṣe ni ìyá náà ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Kò tíì mọ Jésù nígbà yẹn, ọdún 1848 ló ṣèrìbọmi, nítorí náà mi ò lè pè é ní àdúrà tó gbà. Ọmọdé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àlùfáà ló dé bá a. Ta ni yóò tètè mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìjẹ̀bú ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù yìí, o kò gbé e. Kò fẹjọ́ rẹ sùn mí o, ó kàn bi mí bóyá o ti pààrọ̀ nọ́ńbà ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń bí ọ nínú. Ìpín yẹn kò dọ́gba, mo sì ti sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó mọ̀ ní Ṣàgámù ń wá ẹni tí yóò máa bá a ṣe ìṣirò owó. Kì í ṣe iṣẹ́ báńkì tí ò ń gbààwẹ̀ sí. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Èmi kì í ṣe wòlíì, ó lè má jẹ́ òun rárá, ṣùgbọ́n lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ná.

Kí o tó gbé e, gba irú àdúrà tí Nehemáyà gbà níwájú ọba. Ọba bi í ní ohun tó fẹ́, ó gbàdúrà kó tó la ẹnu, kò sì rò ó yípo: ó tọrọ àyè láti lọ, ó tọrọ ìwé, títí kan igi tí yóò fi kọ́lé. Ìwọ náà béèrè iye owó oṣù, kí o sì béèrè ibi tí wàá máa sùn.

Lẹ́yìn aago méje alẹ́ Sátidé ni yóò pè. Mo ti sọ fún un pé wàá wà nílé. Kí fóònù rẹ má ṣe kú o. Mo fi gààrí àti ẹja gbígbẹ rán dẹ́rẹ́bà sí ọ, tètè lọ gbà á ní gáréèjì kí ológbò tó bá ọ gbà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.