Lẹ́tà sí Àkànní: lẹ́ǹsì rẹ kò bàjẹ́

Ìbàdàn,
ìgbà ọyẹ́.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ìyàwó wà? Ẹ kú ọwọ́ lómi, ẹ sì kú òtútù Manchester. Ọyẹ́ ti mú níbí. Ètè gbogbo èèyàn ti là, eruku sì ti bo òrùlé láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀.

Mo rí àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Mo jókòó tì wọ́n lálẹ́ àná títí wọ́n fi mú iná lọ. O ní ó dá ọ lójú pé lẹ́ǹsì Super-Takumar 50mm tí o rà yẹn ti bàjẹ́, o sì fẹ́ dá a padà fún ẹni tó tà á fún ọ. Jọ̀ọ́, má dá a padà. Kò sí ohun tó ṣe é. Òun àti kámẹ́rà rẹ ni kò gbọ́ èdè ara wọn, ìwọ lo sì máa ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn.

Jẹ́ kí n mú èyí tó funfun báláú, tí o yà lẹ́yìn ilé. O sọ pé áàpù orí fóònù lo fi wọn ìmọ́lẹ̀, pé ó ní kí o lo f/8 (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe máa pa dé tó) àti 1/250 (ìyára ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀ wọlé), o sì gbé gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní M orí kámẹ́rà, níbi tí ọwọ́ ẹni ti ń yan ohun gbogbo. Fọ́tò wá jáde bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú bílíìṣì. Wo ìdí lẹ́ǹsì náà dáadáa, nítòsí ibi tó ti wọnú àdápítà, irin tó so ó mọ́ kámẹ́rà. Wàá rí nǹkan kékeré kan tó ṣeé tì síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n kọ A sí apá kan, wọ́n kọ M sí apá kejì. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe lẹ́ǹsì yìí, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló máa ń ti píìnì kan nídìí lẹ́ǹsì kí ojú rẹ̀ tó pa dé. Bí o bá fi í sí A, tí àdápítà rẹ kò sì ní etí tó lè ti píìnì yẹn wọlé, o lè yí òrùka dé f/8, kó máa ró kọ́, kọ́, kọ́ lábẹ́ ìka rẹ, síbẹ̀ kí ojú lẹ́ǹsì là sílẹ̀ gbayawu ní f/1.4. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ló wà láti f/1.4 dé f/8, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Ìlọ́po 32 ìmọ́lẹ̀ tí o fẹ́ ló ya wọlé. Tì í sí M. Gbé lẹ́ǹsì náà kọjú sí fèrèsé, máa yí òrùka, kí o fi ojú ara rẹ rí bí àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ṣe ń súnra wọn jọ. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ máa balẹ̀.

Kò yẹ kí o má rí i pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù nígbà tí o ń yọjú wo inú kámẹ́rà, àfi bí kámẹ́rà bá ń tàn ọ́. Wọ inú mẹ́nù kámẹ́rà Sony a7 III rẹ, wá Live View Display, gbé e sí Setting Effect ON. Bó bá wà ní OFF, kámẹ́rà á máa tún ohun tí o ń wò ṣe kí o lè ríran, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó ń lọ geere, fọ́tò á sì ti jóná. Má sì jẹ́ kí F-- tó máa ń hàn níbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà kó ìpayà bá ọ. Irin lásán ni àdápítà rẹ, kò ní wáyà kankan nínú, ibo ni kámẹ́rà ti fẹ́ mọ iye tí o pa ojú lẹ́ǹsì dé? Kò sì pọn dandan kó mọ̀ ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú lẹ́ǹsì kọjá dé orí sẹ́ńsọ̀ ló ń wọ̀n. Bí o bá fi kámẹ́rà sí A (A orí kámẹ́rà ni mò ń wí, má dà á pọ̀ mọ́ A ara lẹ́ǹsì), ìwọ lo máa fi ọwọ́ yí ojú lẹ́ǹsì, òun á wá ìyára ṣọ́tà tó bá a mu.

Ohun tí Bàámi ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. O rántí Spotmatic wọn, Pentax tó jáde ní 1964? Wọ́n á la ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ojú oníbàárà kedere, wọ́n á wá ti irin kékeré kan sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Ojú lẹ́ǹsì á pa dé, inú á ṣókùnkùn, abẹ́rẹ́ tó wà lápá ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n á máa yí òrùka títí abẹ́rẹ́ á fi dúró sáàárín gbọn-in. Wọ́n máa ń jẹ́ kí n wò ó. Bí mo bá ń fi Takumar wọn ṣiṣẹ́ lórí kámẹ́rà tòní, ìṣe wọn náà ni mò ń ṣe.

Ṣùgbọ́n èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni fọ́tò tí ìyàwó rẹ ti gbé ọmọ síwájú fèrèsé, tí yìnyín tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn wọn, tí ojú àwọn méjèèjì ṣókùnkùn. Kò sí ẹ̀bi lẹ́ǹsì nínú ìyẹn rárá. Mítà, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kò mọ ìyá, kò mọ ọmọ. Ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀, àwọ̀ eérú ló fẹ́ sọ ọ́ dà, àwọ̀ eérú tó ń dá bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Ó rí yìnyín, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, àwa aláwọ̀ dúdú tó wà níwájú yìnyín la sì jìyà rẹ̀.

Ó ti ṣe mí rí. Níbi ìgbéyàwó kan níbí, mọ̀lẹ́bí ìyàwó lápapọ̀ wọ léèsì funfun. Mo gbọ́kàn lé mítà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo kó fọ́tò lọ, ìyá ìyàwó mú èyí tí wọ́n dá dúró nínú rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé èmi rèé?" Léèsì náà hàn kedere, gbogbo ihò ara rẹ̀ ṣeé kà. Ojú wọn ni kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí wọra, n kò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Láti ọjọ́ náà, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Gbé mítà rẹ sí Spot, kó lè máa wo ibi kékeré kan ṣoṣo. Na ọwọ́ síwájú, jẹ́ kí irú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ojú ẹni tí o fẹ́ yà bà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ sì kún ibi tí mítà ń wò. Kò ṣe nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kò bá hàn kedere. Bí o ti wù kí o dúdú tó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ó sì máa ń fi nǹkan bí ìṣísẹ̀ kan mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ eérú tí mítà ń wá. Nítorí náà, fi ìṣísẹ̀ kan kún un: bí mítà bá ní 1/250, 1/125 ni kí o lò. Gbé kámẹ́rà sí M, má sì fọwọ́ kàn án mọ́, àfi bí oòrùn bá yí tàbí tí wọ́n bá kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Wọn kò pa òwe yẹn nítorí fọ́tò, àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń rántí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Bí aṣọ funfun bá wà níbẹ̀, tan Zebra, ìlà tó máa ń hàn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, sí 100+. Bí ìlà bá ń rìn lórí léèsì, dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ìlà á fi pa rẹ́. Ní ti yìnyín òde, èmi ìbá jẹ́ kó jóná pátápátá. Ta ló fẹ́ wo yìnyín nígbà tí ọmọ wà níwájú ẹ̀?

Nǹkan kan ṣì kù lára lẹ́ǹsì náà. Gbé e lé orí ìwé funfun, kí o wò ó gba inú. Bí gíláàsì rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì, èròjà kan tó ń jẹ́ thorium tí wọ́n fi ṣe gíláàsì inú rẹ̀ ló fà á. Ó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, pàápàá èyí tó jẹ́ búlúù. Mítà inú kámẹ́rà máa rí i, torí pé inú lẹ́ǹsì ló ti ń wò, ṣùgbọ́n áàpù fóònù rẹ kò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí o yé lò ó. Tèmi náà ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì funfun padà. Bí oòrùn kò bá tó lọ́dọ̀ yín, ra iná UV. Má gbé e sójú oòrùn láìsí bébà irin lábẹ́ rẹ̀ o, ó lè dá iná sílẹ̀.

Fi 50mm sínú SteadyShot (ohun tó ń mú kí fọ́tò má gbọ̀n bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n) fúnra rẹ, torí kámẹ́rà kò mọ irú lẹ́ǹsì tó wà níwájú rẹ̀. Bí o bá ń lo ISO AUTO, tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń pinnu bí sẹ́ńsọ̀ ṣe máa gba ìmọ́lẹ̀ sí, má jẹ́ kí ìyára ṣọ́tà tó kéré jù lọ wá sílẹ̀ ju 1/125, ọmọdé kì í dúró jẹ́ẹ́.

Màámi ń bi mí ní gbogbo ìgbà pé ojú ta ni ọmọ náà jọ, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Bá mi tún èyí tó wà níwájú fèrèsé yẹn yà. Kọ iye tí o pa ojú lẹ́ǹsì dé sílẹ̀ fún mi, torí kò ní sí nínú fáìlì. Èmi á tẹ̀ ẹ́ jáde níbí, èmi á gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Bá mi kí ìyàwó. Fi ẹnu kan ọmọ lórí fún mi.

Èmi ni,
Àjàní