Lẹ́tà sí Kẹ́hìndé Griffin

Shaquem,

Mo mọ̀ pé Shaquem ni wọ́n ń pè ọ́, àmọ́ níbi tí mo wà, ẹni tó bá gbẹ̀yìn wá sáyé nínú ìbejì, Kẹ́hìndé ni. Shaquill fi ìṣẹ́jú kan ṣáájú rẹ. Ìwọ lo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìwọ lẹ̀gbọ́n nìyẹn. Kí wọ́n máa jiyàn ní Florida.

Kẹ́hìndé ni èmi náà. A pé ogójì ọdún lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Táyé mi. Màmá wa se ẹ̀wà, ó ra ìrèké, ó pe àwọn ọmọ àdúgbò. Táyé wà ní Kánádà. Ohùn ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni YouTube tún gbé ọ wá síwájú mi: Peach Bowl, ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2018, UCF, yunifásítì rẹ ní Florida, àti yunifásítì Auburn, ní Atlanta.

Auburn tó ti na Alabama àti Georgia ní sáà yẹn o! Ẹ nà wọ́n, 34 sí 27, ẹ sì parí sáà láì pàdánù, ìdíje 13 nínú 13. Tackle 12, ìyẹn mímú alátakò balẹ̀, ni wọ́n kọ sí orúkọ rẹ. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lè rò pé eré sísá nìkan ni linebacker, adẹ̀yìnmú bíi tìrẹ, ń fi jẹun. Ìjàkadì ni. Ẹni tó wúwo jù ọ́ lọ ń bọ̀, kí o gbá a mú, kí o wọ́ ọ mọ́lẹ̀, ìwọ sì ń fi ọwọ́ kan ṣe é. Télọ̀ ni mí, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ òsì. Òun ló ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ń yí máṣíìnì, kò sì sẹ́ni tó ń yìn ín.

Shaquill ló kọ̀ fún àwọn yunifásítì tó ń wá a: bí wọn ò bá gba ìkejì òun, òun ò lọ. UCF gba ẹ̀yin méjèèjì. Lábẹ́ kóòṣì George O'Leary, Shaquill ń gbá bọ́ọ̀lù, ìwọ ń jókòó. Ní 2015, UCF pàdánù gbogbo ìdíje 12, síbẹ̀ wọn ò rí ọ lò! Ó ń dùn mí títí dòní. Kóòṣì tuntun, Scott Frost, ló dé ní 2016, tó sọ ọ́ di linebacker. Sáà kan péré, sack 11 àti ààbọ̀, ìyẹn kí o wọ́ ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kó tó jù ú, wọ́n ní kò sí adẹ̀yìnmú tó tó ọ ní gbogbo AAC, líìgì yunifásítì tí UCF wà nígbà náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jí mi lóru ni ti ilé ìdáná.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Okùn tín-ín-rín inú ilé-ọmọ ti wé mọ́ ọwọ́ òsì rẹ kí wọ́n tó bí ọ, àwọn ìka náà ò dàgbà, ohunkóhun tó bá kàn wọ́n, ìrora ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan o wọ ilé ìdáná, o mú ọ̀bẹ, o fẹ́ gé wọn fúnra rẹ. Ìyá rẹ ló ká ọ mọ́ ibẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni dókítà gé ọwọ́ náà. Ẹni tó bá sọ ìtàn yìí, á sọ ti ìyá rẹ, á sọ ti ọ̀bẹ, á sọ ti dókítà. Níbo ni Shaquill wà? Ṣé ó sùn ni? Àbí ó jí, tó dùbúlẹ̀, tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ bí o ṣe ń lọ? Inú kan náà lẹ jọ gbé, okùn tó wé mọ́ ọ kò wé mọ́ ọn. Ṣé kò sí nǹkan kan tó ta á lára lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Má bínú. Mo mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin lòun náà. Nígbà tí a wà ní pírámárì, bí olùkọ́ bá nà mí, Táyé mi á máa sunkún ní kíláàsì kejì. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ṣí ikùn mi, kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló rí i nínú gúrúùpù ẹbí kó tó sọ fún un.

Ẹ̀yin lẹ bà mí jẹ́, kí n má purọ́. Seattle, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe, mú Shaquill ní 2017. Ní 2018 o sáré yáàdì 40 níbi ìdánwò àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní Indianapolis láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4.38, Seattle mú ìwọ náà, ẹ tún wọ aṣọ kan náà. Mo wá gbà pé bó ṣe yẹ kó rí fún ìbejì nìyẹn. Ní 2021 Shaquill gba ẹgbẹ́ Jacksonville lọ, Seattle ò mú ọ dúró, nígbà tó di 2022 o fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àwọn fídíò tí wọ́n ń pín kiri, ibi tí ẹ ti dì mọ́ra ni wọ́n máa ń parí sí. Èmi, ọjọ́ tí Shaquill di ẹrù rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Kí lo sọ fún un? Ṣé o bá a gbé àpótí dé ìdí ọkọ̀?

Mo bá Táyé tèmi gbé e. Ó ní tí òun bá ti fìdí múlẹ̀, òun á fà mí wá. Ó ti ra ilé báyìí.

Lándílọ́ọ̀dù fẹ́ fi ìlọ́po méjì kún owó ṣọ́ọ̀bù. Ojú Màmá wa ti ń ṣe bàìbàì, tó bá gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Táyé, ṣé ìwọ nìyẹn?" Nígbà mìíràn mo máa ń ní èmi ni. Owó oògùn ojú yẹn, mo ti sọ fún Táyé, ó ní òun ń retí owó oṣù.

Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwọ àti Shaquill, bá mi bi í nípa alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kó má purọ́ fún ọ.

Èmi ni,
Kẹ́hìndé, Ìbàdàn