Ásíìdì Tí Kì Í Tani Lójú Ẹsẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ààbò nínú yàrá àyẹ̀wò, mo sì gbóríyìn fún ẹni tó kọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tó sọ ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè fojú fò dá, èyí tó sọ pé bí ásíìdì bá ta sí ènìyàn lára, kí ó fi omi púpọ̀ ṣàn án, bí ibẹ̀ kò bá sì ta á mọ́, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ásíìdì, ìmọ̀ràn náà kò burú púpọ̀. Fún èyí tí wọ́n ń pè ní hydrofluoric acid, tí àwa tí a ń lò ó ń pè ní HF, ìmọ̀ràn yẹn lè gba ẹ̀mí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú gègé.

HF kì í ṣe ohun àṣẹ̀ṣẹ̀dé. Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láti ọdún 1771, inú rẹ̀ náà sì ni Henri Moissan ará Faransé ti yọ fúlórínì, gáàsì olóró kan, jáde ní 1886. Kí Moissan tó ṣàṣeyọrí, iṣẹ́ kan náà ti pa onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Paulin Louyet àti Jérôme Nicklès. HF máa ń jẹ dígí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ike ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò àpáta ń fi yọ́ òkúta, àwọn tó ń ṣe ohun èlò inú kọ̀ǹpútà ń fi fọ ojú sílíkọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun kan tí a fi ń yọ ìpẹtà kúrò lára irin wà tí HF tàbí ammonium bifluoride, tó lè di HF nígbà tó bá kan omi, wà nínú wọn. Tí ẹ bá rí i nínú ike rẹ̀, omi lásán ni ẹ ó pè é.

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń kọ́ni pé ásíìdì tí kò lágbára ni HF. Kò sí irọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ohun tí onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní agbára ásíìdì ni bó ṣe ń tètè pín sí wẹ́wẹ́ nínú omi; kò kan bó ṣe lè ṣeni léṣe tó. Ásíìdì inú bátìrì ọkọ̀ máa ń pín kíákíá, orí awọ ló sì ti ń bá ènìyàn jà, tí a ó fi ojú rí i, tí a ó sì mọ̀ ọ́n lára. HF ní tirẹ̀ kì í tètè pín. Odindi ló ń gba awọ kọjá lọ sínú ẹran ara, ibẹ̀ ló ti wá ń tú fúlóráìdì, ìyẹn fúlórínì tó gbé pamọ́ sínú ara rẹ̀, sílẹ̀. Ibikíbi tí fúlóráìdì yìí bá ti pàdé kálísíọ́ọ̀mù, yóò so mọ́ ọn, yóò sì sọ ọ́ di ohun tí ara kò lè lò mọ́. Ó ń ṣe é sí èyí tó wà nínú egungun, ó ń ṣe é sí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ọkàn fi ń lù déédéé. Bí ó bá já wálẹ̀ lójijì, lílù ọkàn á dàrú, ó sì lè dákẹ́. Àkọsílẹ̀ ìṣègùn fi hàn pé bí ògidì HF bá jó ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì àti ààbọ̀ lọ, ó tó ohun tí ń pani.

Ohun tó mú kí ìmọ̀ràn inú àpilẹ̀kọ yẹn léwu ni àkókò tí oró náà ń gbà kó tó fara hàn. Bí HF inú omi bá ju ìdá 50 nínú 100 lọ, ìrora á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá wà láàárín 20 sí 50, ó lè tó wákàtí 1 sí 8 kí ẹni náà tó mọ ohunkóhun. Èyí tí kò tó 20 nínú 100 lè fi odindi ọjọ́ kan dákẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, awọ lè má yí àwọ̀ padà rárá, ẹni náà á sì rò pé òun ti bọ́.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ìdá 10 nínú 100 ni HF tí mò ń lò lọ́jọ́ náà, ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ sì wà lára ìbọ̀wọ́ mi, ní ìbámu pẹ̀lú àtàǹpàkò. Mo fọ ọwọ́, mo jẹun alẹ́, mo sùn. Ní nǹkan bí aago méjì òru ni àtàǹpàkò náà jí mi, bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú láti inú egungun wá. Kò lé ròrò, kò bó, kò tilẹ̀ pọ́n. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì sáré padà síbi iṣẹ́ lóru láti wá gẹ́ẹ̀lì tó ní kálísíọ́ọ̀mù nínú tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo bá kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní títì pa, ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sílé. Dókítà tí mo bá ní ilé ìwòsàn kò tíì rí irú rẹ̀ rí, n kò sì dá a lẹ́bi. Ó fẹ́ gún mi ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ìka náà kú tipiri kí n lè sinmi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀, torí ìrora yẹn gan-an la fi ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́: nígbà tí kálísíọ́ọ̀mù bá dé ibi tí fúlóráìdì wà, ìrora á rọlẹ̀. Èékánná kan péré ni mo pàdánù. Ikú tó fẹ́ pani tó ṣíni ní fìlà ni.

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kan ní Perth, ní Ọsirélíà, kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ ní 1994. HF ìdá 70 nínú 100 dà sí i ní itan, ohun tó dà náà kò sì ju èyí tí ife omi kan lè gbà lọ. Ó fi omi fọ ara rẹ̀, ó sì bẹ́ sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, níbi tó wà fún ohun tó ju ìdajì wákàtí lọ. Ní ọjọ́ keje wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ó kú. Omi kò wọ́n ọn. Gẹ́ẹ̀lì ni kò sí.

Calcium gluconate ni orúkọ gẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ, ìdá 2.5 nínú 100 ni wọ́n sì máa ń pò ó sí. Bí HF bá kan ènìyàn, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó wà níbẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, kí omi máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹlòmíràn tó wọ ìbọ̀wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ́ẹ̀lì ra ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró títí wọn ó fi dé ilé ìwòsàn, yálà ó ń dun ẹni náà tàbí kò dùn ún. Bí gẹ́ẹ̀lì kò bá sí nítòsí, kí omi má ṣe dá. Ojú kò gba gẹ́ẹ̀lì o. Omi nìkan ni fún ìṣẹ́jú 15, kí dókítà gbà á níbẹ̀. Kí wọ́n mú ìwé àlàyé kẹ́míkà náà dání lọ, nítorí dókítà tí wọ́n máa bá lè má tíì rí irú rẹ̀ rí, bíi ti èyí tí mo bá lóru ọjọ́ yẹn.

Ti ìbọ̀wọ́ kò pẹ́ sọ: tín-ín-rín kan ṣoṣo kò tó, kí wọ́n wọ èyí tó nípọn lé e lórí, pẹ̀lú awò ààbò àti ìbòjú. Ògidì HF ń di gáàsì ní ìwọ̀n ooru 19.5 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde nìkan ni kí wọ́n ti ṣí i. Irú gáàsì bẹ́ẹ̀ tó jò jáde ní ilé iṣẹ́ kan ní Gumi, ní Gúúsù Kòríà, pa ènìyàn márùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012. Bí ó bá dà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu yanrìn sí i bí a ti ń ṣe fún kẹ́míkà mìíràn, nítorí HF ń jẹ yanrìn bó ti ń jẹ dígí, gáàsì olóró mìíràn ni yóò sì tibẹ̀ jáde. Ohun tó ní kálísíọ́ọ̀mù nínú, bí ẹfun, ló yẹ.

Mo rọ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ìtẹ̀jáde yín tó ń bọ̀, lójú ewé kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Mo sì rọ àwọn tó jẹ́ olórí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n wo ọjọ́ tí gẹ́ẹ̀lì wọn yóò bàjẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ike HF lónìí. Tiwa wà lórí ìkọ́ báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, kò sì ní àgádágodo.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kan