Àkànní, orúnkún rẹ ńkọ́?

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí ìbejì. Oṣù méjì rèé tí a ò gbóhùn rẹ. N kò bèèrè owó.

Obìnrin kan tó ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu ló sọ fún ìyá rẹ ní Gbági pé wọ́n ń gún ọ lábẹ́rẹ́ ní orúnkún kí o tó lè wọ pápá. Ṣé òótọ́ ni? Olóríkunkun ni ọ́ láti kékeré! Ta ló ń ta ẹsẹ̀ lọ́jà fún ẹni tó bá ba tirẹ̀ jẹ́? Má bínú. Àyà mi ló ń já.

O ti pé ọdún 31. Mo ní kí o lọ gba ìwé-ẹ̀rí kóòṣì, o ní iṣẹ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù ti kọ̀ ni. Ṣé bọ́ọ̀lù kọ Augustine Eguavoen ni? Ó wà nínú ikọ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994. Ó di kóòṣì, ó kó Super Eagles lọ sí Íjíbítì lọ́dún 2006, wọ́n gba ipò kẹta. Lọ́dún 2020, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, fi í ṣe technical director, ọ̀gá tó ń darí ètò bọ́ọ̀lù wọn. Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ìyẹn, ọpọlọ ni. Lóṣù kẹta ọdún 2022, òun náà ni kóòṣì nígbà tí a ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Gánà l'Ábùjá, Gánà sì gba ibẹ̀ lọ sí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Qatar. Èébú tí wọ́n bú u níbi tí a ti wò ó kì í ṣe kékeré. Ó padà sídìí iṣẹ́ technical director rẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n tún ké sí i, ó sì na orílẹ̀-èdè Benin, àwọn tí o ń gbé lọ́dọ̀ wọn yẹn, ní 3-0 ní Uyo. O pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rín ń pa ọ́. Àbí orúnkún ti ń dùn ọ́ nígbà yẹn, tí o kàn ń fi ẹ̀rín bò ó?

Mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé ọ̀kadà ló gbá mi lẹ́sẹ̀. Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ ni. Wọ́n gún mi lẹ́ẹ̀mẹta ní sáà kan ṣoṣo, mo ń sáré bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀gá kan ní kí n wá kọ́ iṣẹ́ kóòṣì ní NIS, ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ìjọba, ní Sùúrùlérè. Mo ní ta ni yóò kọ́ èmi ní bọ́ọ̀lù? Ìgbéraga yẹn ni mo fi tọ́ yín, ebi sì pa yín.

Èmi náà ló sì ń pè ọ́ láti ọdún tó kọjá nítorí owó páànù. Tó bá jẹ́ pé torí páànù lo ṣe ń gba abẹ́rẹ́, Àkànní, jọ̀ọ́. Mo ti ní kí káfíńtà máa lọ. A ti gbé agbada síbi tó ń jò.

Ya fọ́tò orúnkún rẹ méjèèjì, kí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ. Má fi ṣòkòtò bò ó.

Bàbá rẹ