Ọmọ Mi, Má Fi Ọlọ́run Bo Ìbínú Rẹ

Mopa, Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kun o. Gbogbo ilé ń kí ọ. Mo ka ohun tí o kọ nípa ìjà ìwọ àti ọmọ tí ẹ jọ ń gbé yàrá. O ní wọ́n kọ́ yín ní fẹ́lóṣíìpù pé oríṣi ènìyàn mẹ́rin ló wà, pé ìwọ wà lára àwọn oníná tí inú máa ń tètè bí, àti pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọ nìyẹn.

Ìpín mẹ́rin yẹn kò ti inú Bíbélì wá. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ ló gbà pé ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti òróòro oríṣi méjì ló ń darí ara àti ìwà ènìyàn.

Síbẹ̀, òótọ́ ni pé Ọlọ́run ló dá ọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń lọ ṣa káṣú, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ gbé agbọ̀n; bí wọ́n bá sì rẹ́ ẹnìkan jẹ lọ́jà, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ń dúpẹ́ lórí rẹ̀. Má wo ẹ̀gbọ́n rẹ tó máa ń ṣe jẹ́jẹ́ kí o rò pé òun ló sún mọ́ Jésù jù ọ́ lọ. Ẹni tó dákẹ́ náà lè di kùnrùngbùn sínú.

Wo Jòhánù àpọ́sítélì. Jésù fúnra Rẹ̀ ló pe òun àti Jákọ́bù ní Ọmọ Àrá (Máàkù 3:17). Nígbà tí abúlé Samáríà kan kò gba Jésù, àwọn méjèèjì fẹ́ kí iná ọ̀run jó àwọn ará abúlé náà run. Jésù bá wọn wí (Lúùkù 9:54-55). Jòhánù yìí náà ló wá kọ̀wé nípa ìfẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó ní òun fẹ́ràn Ọlọ́run tó sì kórìíra arákùnrin rẹ̀, èké ló pè é (1 Jòhánù 4:20). Ohùn rẹ̀ ṣì le. Ṣùgbọ́n arákùnrin tí wọ́n kórìíra ló ń gbèjà báyìí. Màtá náà, tí Jésù bá wí nígbà tó fi ẹjọ́ Màríà arábìnrin rẹ̀ sùn pé kò ran òun lọ́wọ́, lẹ́yìn ìbáwí yẹn, ó ṣì ń gbé oúnjẹ fún àlejò (Jòhánù 12:2). A kò tún gbọ́ pé ó fi ẹjọ́ Màríà sùn.

Ìyára rẹ, ẹ̀bùn ni. Èébú tí o bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìkóra-ẹni-níjàánu wà nínú èso Ẹ̀mí (Gálátíà 5:23); máa béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ bá a. Má ṣàlàyé irú ènìyàn tí o jẹ́ fún un rárá. Ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́, dárí jì mí." Bí kò bá dáhùn, má bínú. Bàbá rẹ yóò fi gààrí ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bu tirẹ̀ fún un.

Èmi ni ìyá rẹ.