Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa lórí owó àádùn

Ẹ̀yin oníbàárà wa, a kí yín o, ẹ kú àfaradà.

Láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹyọ àádùn kan tí à ń tà ní ₦150 yóò di ₦250. A ò sì ní máa gbé e sójú títì lójoojúmọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń kùn. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ní a fẹ́ fi àádùn kọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán ná kí ẹ tó bú wa.

Epo pupa ló fà á. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ lè dá ọgbọ́n sí epo tí kò dáa: á gbé e kaná, á rẹ́ àlùbọ́sà sí i, òórùn rẹ̀ á lọ. Àádùn ò gba irú ọgbọ́n yẹn. Tútù la fi ń po epo mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo, bó bá ṣe wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà ló máa rí lẹ́nu yín. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹyìn pẹ́ jù nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é, epo ibẹ̀ á kan, á máa ta yín lọ́fun. Èyí tí wọ́n da àwọ̀ sí ló tún burú jù. Ẹ gbé ojúlówó epo kalẹ̀ mọ́jú, ẹ ó rí i pé ó dì nísàlẹ̀, èyí tó ń ṣàn wà lókè. Ti aláwọ̀ á kàn pupa bákan náà látòkè délẹ̀ ni, bó bá sì kan ọwọ́ yín, ọṣẹ ò ní tètè bó o. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí wọ́n gbé fún wa kẹ́yìn, irú ẹ̀ ni. A dá epo padà, wọn ò dá owó padà.

Kóńgò ìyẹ̀fun kan ń mu tó ìdajì ìgò bíà, nígbà míì ó ń lé díẹ̀. Bí a bá dín epo kù torí kówó má bàa lé, àádùn á máa fọ́ lọ́wọ́, á sì máa há yín lọ́fun. Bí a bá ta omi sí i kó lè rọ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa bu. Àwọn tó ń da ṣúgà sí tiwọn kí dídùn rẹ̀ lè bo àléébù epo, a mọ̀ wọ́n. A ò ní ṣe é.

Àgbàdo náà ò rọrùn. A ní láti ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, ká yan ìyókù lórí iná tí kò le, ká máa rò ó láìdúró. Bí iná bá le, ẹ̀yìn rẹ̀ á jóná, inú á wà ní tútù, ìyẹ̀fun á korò. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, torí èyí tó ṣì gbóná máa ń làágùn nínú àpò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ẹ̀lùbọ́ á sọ ọ́ di dúdú, nítorí náà àgbàdo wa la fi ń fọ ẹnu ẹ̀rọ, adìyẹ ló ń jẹ ìyẹn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ bẹntiróòlù, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọlọ́lọ̀ ń gbà.

Àwọn kan ní àádùn ìyá àgbà àwọn ò rí báyìí. Òótọ́ ni. Orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, ẹyìn oko wọn ni wọ́n fi ń se epo, wọn ò ra ewé. Ẹ má fi iye ìgbà yẹn díye lé tòní.

A ti rí àwọn tó ń se epo fúnra wọn, ọ̀dọ̀ wọn la ó máa rà á. Ewé eéran la ṣì ń lò, à ń nù ún gbẹ kí a tó pọ́n ọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé bá ń ya, ẹ ó gba ọ̀rá lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́rú àti Sátidé la ó máa ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ sọmọ lórúkọ, kó sọ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kó sọ iye ẹyọ àti bóyá ká fi ata sí i, kó sì san ìdajì owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wá lálẹ́ pé àárọ̀ ọ̀la lẹ fẹ́ ẹ.